Ìgbéyàwó Tí Òfin Ní Kò Ṣẹlẹ̀

Ẹni tó bá ti dùbúlẹ̀ àìsàn rí ní ilé ìwòsàn ńlá yẹn, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ aṣọ tí ọwọ́ obìnrin yìí fọ̀ ló fi bora. Alágbàfọ̀ ni. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni yàrá ìfọṣọ wà, níbi tí oòrùn kì í ráyè dé, tí àwọn ẹ̀rọ ń kùn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí ooru omi gbígbóná sì máa ń bo ojú fèrèsé kékeré kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Láti orí ọ̀gá àwọn dókítà títí dé orí àwọn agbálẹ̀, Báláú ni wọ́n ń pè é, torí pé aṣọ tó bá ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, funfun báláú ni í jáde. Kò sí àbàwọ́n tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Tó bá rí ẹni tuntun tó fẹ́ da omi gbígbóná sórí ẹ̀jẹ̀, á rọra gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Omi tútù ni ti ẹ̀jẹ̀, ọmọ mi. Tó o bá fún un ní gbígbóná, ó ti di onílé nìyẹn, kò ní jáde mọ́."

Kì í ṣe aláriwo. Ó láwàdà, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá aṣọ sọ̀rọ̀ ni. Ẹni tí kò bá sún mọ́ ọn kò ní gbọ́.

Nígbà tó wà lọ́mọge, ó fẹ́ ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Atukọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń tún ṣe nínú ọkọ̀, kò tukọ̀ rí. Wọ́n ṣègbéyàwó ní kóòtù, wọ́n gba yàrá kan, wọ́n ra ibùsùn. Òórùn ìyàwó tuntun ò tíì kúrò nínú ilé nígbà tí iṣẹ́ pe ọkọ lọ sójú òkun. Ó lọ, ó bọ̀. Ó tún lọ, ó tún bọ̀. Ìgbà tó lọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò bọ̀ mọ́. Oṣù ń gorí oṣù. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan wá láti ilé iṣẹ́ ọkọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kó jókòó, kò jókòó. Ó ní ọkọ̀ náà ti rì, wọn ò rí ẹnì kankan yọ.

Kò sí òkú tí wọ́n gbé wálé, kò sí ibojì tí wọ́n gbẹ́. Báláú wọ aṣọ dúdú fún ọdún kan gbáko. Òkú tí a bá rí, ẹkún rẹ̀ a máa tán. Ti èyí tí a kò rí, ńṣe ló máa ń sinmi díẹ̀, táá tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ sun tirẹ̀ títí ẹkún fi gbé e lọ. Báláú ní tirẹ̀ kó aṣọ dúdú sínú àpótí, ó padà sídìí omi àti ọṣẹ, ó sì gbà lọ́kàn rẹ̀ pé opó lòun, opó náà lòun máa jẹ́ kú.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá kí Káfíńtà tó dé.

Ilé ìwòsàn ló gbà á pé kó máa tún àwọn ilẹ̀kùn ṣe. Ìyàwó tirẹ̀ ti kú, ó fi ọmọbìnrin kékeré kan sílẹ̀ fún un, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Òpéléngẹ́. Ilẹ̀kùn yàrá ìfọṣọ wà lára èyí tó kọ́kọ́ tún ṣe. Lọ́sẹ̀ kejì, ó padà wá wò ó. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ní òun gbọ́ pé ó tún ń dún. Obìnrin tó ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Báláú fi áyọ́ọ̀nù rẹ̀ lélẹ̀, ó ní, "Àìsàn wo ló ń ṣe ilẹ̀kùn yìí, tí dókítà rẹ̀ ò fi yé wá wò ó?" Káfíńtà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kó òòlù rẹ̀, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò mú òòlù wá. Ó mú ara rẹ̀ nìkan wá.

Kóòtù náà ni wọ́n lọ ṣègbéyàwó. Akọ̀wé tó so wọ́n pọ̀ bi wọ́n bó ṣe máa ń bi gbogbo ènìyàn: ṣé kò sí ìdí kankan lábẹ́ òfin tí kò fi yẹ kí àwọn méjèèjì fẹ́ra? Káfíńtà ní kò sí. Báláú ní kò sí. Wọ́n bi í bóyá ó ti lọ́kọ rí, ó ní opó lòun. Irọ́ kọ́ ló pa. Bó ṣe mọ ọ́n náà ló ṣe sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló rí òkú.

Ilé Káfíńtà, iwájú ni ó ti ń ṣiṣẹ́, yàrá méjì wà lẹ́yìn. Lẹ́búlẹ́bú pákó kì í jẹ́ kí nǹkan kan wà ní mímọ́ níbẹ̀. Báláú, tó jẹ́ pé kò fẹ́ràn kí eruku bà lé nǹkan, kọ́ bí a ṣe ń gbọn aṣọ kó tó wọ̀ ọ́, bí a ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sójú ife kó tó bu omi. Kò ráhùn. Káfíńtà náà kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá rí i pé omi oníkẹ́míkà ti bó ìka ìyàwó rẹ̀, á gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ka orí àga lálẹ́, á sì jókòó tì í títí á fi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Òpéléngẹ́, tó kọ́kọ́ ń pè é ní "ẹ̀yin", bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "Màámi" lọ́jọ́ kan tí Báláú ń ya irun rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Báláú rọra ń ya irun náà lọ.

Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà báyìí. Wọ́n ṣàìsàn papọ̀, wọ́n jẹ gbèsè papọ̀, wọ́n san án papọ̀. Òpéléngẹ́ dàgbà, ó lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú mìíràn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Atukọ̀ wọ yàrá ìfọṣọ.

Báláú rí ọkùnrin kan láàárín ooru omi, ó rò pé ará ilé aláìsàn kan tó ṣìnà ni. Ó ní, "Ẹ máa bínú o, àlejò kì í wọ ibí. Òkè ni àwọn wọ́ọ̀dù wà."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. Orí rẹ̀ ti pá, ikùn rẹ̀ ti yọ. Ó ní, "Èmi ni."

Ohùn yẹn ni Báláú mọ̀. Ojú máa ń darúgbó kíákíá ju ohùn lọ. Ó di etí ẹ̀rọ mú. Ó ní, "Wọ́n ní o ti kú."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀."

"O gbọ́?"

"Mo gbọ́. Mi ò sí nínú ọkọ̀ yẹn. Mo ti sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté tó ṣáájú."

Báláú wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí lo wá ṣe?"

Atukọ̀ ń yí fìlà rẹ̀ po. Ó ṣàlàyé pé obìnrin kan wà tí àwọn jọ ń gbé láti ìgbà náà, pé wọ́n ti bímọ, pé obìnrin náà ń fẹ́ kí àwọn wá ṣe é ní ọ̀nà tó tọ́. Ó lọ sí kóòtù ibẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ó ti níyàwó rí, wọ́n sì ní kó búra. "Mi ò lè búra," ó ní. "Wọ́n ní kí n wá gba ìkọ̀sílẹ̀ ná. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Mi ò wá dà ọ́ láàmú."

Báláú fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde. Òkú ló dìde tó wá gbàyè láti fẹ́yàwó. Ó ní, "Mo ti lọ́kọ."

"Wọ́n sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà," ni Atukọ̀ wí. "Ìdí nìyí tó fi yẹ ká rí lọ́yà."

Ó lè fi pa mọ́ fún Káfíńtà di ọjọ́ mìíràn. Kò fi pa mọ́. Bó ṣe délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bá a níbi tó ti ń fá pákó, ó sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Káfíńtà ò dáwọ́ dúró. Ó fá pákó náà títí ó fi tinrin ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì bà á jẹ́.

"Ó wà láàyè?" ló bi í.

"Ó wà láàyè."

"Ó dára tí kò kú," ni ó wí, ó sì gbálẹ̀ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin dáadáa ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà náà wà. Ká ní ó bínú ni, Báláú ì bá mọ ohun tó máa bẹ̀.

Lọ́yà tí wọ́n lọ bá, obìnrin ni, ọmọdé, irú ọmọ tí Báláú ì bá ti bí. Àwọn ìwé rẹ̀ ga ju orí rẹ̀ lọ lórí tábìlì. Ó gbọ́ ẹjọ́ wọn dáadáa, kò já lu ọ̀rọ̀ wọn, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ nǹkan burúkú fún aláìsàn.

"Mà, ìgbéyàwó tẹ́ ẹ ṣe pẹ̀lú bàbá yìí, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé tó bá wà lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òfo ni ìgbéyàwó náà. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ìyekan. Bí ọ̀kan ò bá tíì tójú bọ́. Bí wọ́n bá fi ipá mú un. Tàbí bí ọ̀kan bá ṣì lọ́kọ tàbí ó láya. Ti yín nìyẹn."

"Ṣùgbọ́n a rò pé ó ti kú," ni Báláú wí.

"Mo mọ̀, mà. Ká ní ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ adájọ́, kó sọ ọ́ pé àwọn kà á sí òkú, ọ̀nà mìíràn lọ̀rọ̀ ì bá gbà. Ẹ ò lọ."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Wọn kì í sábà sọ fúnni, mà."

Káfíńtà ní, "Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé òfin ti tú wa ká?"

Lọ́yà mirí. "Rárá, sà. Ohun tí a so là ń tú. Ti yín, òfin ní a ò so ó rárá."

Ẹnì kan ń tẹ nǹkan nínú yàrá kejì, ó ń dún ká-ká-ká. Báláú ní, "Ọdún mẹ́sàn-án tí a ti ń jẹun papọ̀ ńkọ́?"

"Òfin ò ní ẹ ò jẹun, mà," ni lọ́yà dáhùn, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò dùn létí. Ó wá fi kún un pé wọn ò dẹ́ṣẹ̀ kankan, pé kò sẹ́ni tó máa mú wọn, torí wọn ò mọ̀. Tí ìkọ̀sílẹ̀ ti Atukọ̀ bá ti jáde, kí àwọn méjèèjì padà sí kóòtù kí wọ́n tún un ṣe. Kò ní gba àkókò. "Ṣùgbọ́n ní báyìí tẹ́ ẹ ti mọ̀," ó ní, "ẹ ní láti rọra ṣe."

Bí ẹlòmíràn ni, ọ̀rọ̀ "ẹ rọra ṣe" yẹn ò ní wọ̀ ọ́ létí. Káfíńtà kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló gbé ẹní rẹ̀ lọ síwájú ilé, sáàárín àwọn pákó. Ó ní kí òfin má baà rí nǹkan sọ sí wọn. Báláú gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó gbé irọ̀rí tẹ̀ lé e.

Òpéléngẹ́ gbọ́, ó bínú wálé. Ó dúró láàárín ilé, ó ní, "Mo gbọ́ pé òfin ní ẹ ò jẹ́ nǹkan kan sí mi. Ṣé òfin ló ń ya irun mi? Ṣé òfin ló gbé mi lọ sílé ìwé nínú òjò?" Báláú rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó rí i pé ọmọ náà kò pè é ní Màámi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn. Bóyá ìbínú ni. Bóyá kò tilẹ̀ mọ̀.

Ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ kò le. Adájọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè díẹ̀, Báláú àti Atukọ̀ dáhùn, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí àlejò méjì tó ń dúró de ọkọ̀ kan náà. Nígbà tó parí, wọ́n jókòó díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kóòtù. Atukọ̀ ní, "Ìwọ ò bi mí léèrè ìdí tí mi ò fi padà wálé."

"Kí ló dé?"

"Mo kọ́kọ́ ní màá wá. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé wọ́n ní mo ti kú, wọ́n ti sunkún mi. Mo wá rí i pé ó rọrùn láti kú ju kéèyàn wálé wá ṣàlàyé lọ."

Báláú ronú nípa ìyá Atukọ̀ tó sunkún títí tó fi kú. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó wo ọkùnrin náà, ó rí i pé ó ti mọ̀, pé ó ti ń gbé e kiri. Ó dìde, ó gbọn eruku ìdí aṣọ rẹ̀, ó ní kó kí àwọn ọmọ rẹ̀. Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n fojú kanra nìyẹn.

Ó wá ku ti Káfíńtà. Òfin ti ṣílẹ̀kùn. Báláú ń retí kó sọ pé ó yá. Ọ̀sẹ̀ ń lọ. Káfíńtà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ó ń jẹun rẹ̀, á ní "O ṣeun," á lọ síwájú ilé lọ dùbúlẹ̀. Ẹní rẹ̀ ṣì wà láàárín pákó. Báláú náà kò fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Nínú ìgbà méjì tó ti lọ́kọ, òun kọ́ ló kọ́kọ́ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Ọjọ́ kan tó ń bu oúnjẹ fún un ló tó sọ ọ́. "Bàbá Òpéléngẹ́, ìkọ̀sílẹ̀ ti jáde láti ìgbà òjò. Kí ni a ń dúró dè?"

Káfíńtà gbé ṣíbí sílẹ̀. "Mi ò bínú sí ọ," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Mi ò sì rí ẹlòmíràn."

"Mo mọ ìyẹn náà."

Ó fi ọwọ́ pa ojú tábìlì, tábìlì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn. "Tí mo bá ti ronú àtilọ síwájú akọ̀wé yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ara mi á kọ̀ ọ́. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́, Báláú. Mi ò rí ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Báláú dúró kó wá ọ̀rọ̀ náà rí. Oúnjẹ tutù. Káfíńtà kò rí i.

Ó ní kí Báláú máa gbé inú yàrá náà títí, pé ilé rẹ̀ ni. Báláú ní rárá. Ó ní, "Ilé tí mi ò ti jẹ́ ìyàwó, mi ò fẹ́ wá di ayálégbé níbẹ̀." Káfíńtà bá a kó ẹrù sínú ọkọ̀. Ó fi okùn di àwọn ìkòkò rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n má baà kan ara wọn fọ́.

Yàrá tó gbà wà lókè, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu jù ni pé ibẹ̀ mọ́. Ó gbọn aṣọ kó tó wọ̀ ọ́, kò sí nǹkan tó já bọ́. Ó máa ń se oúnjẹ ẹni méjì, á jẹ ẹ́ láàárọ̀, á jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, títí á fi sú u. Ó wá kọ́ bí a ṣe ń se ti ẹnì kan. Kì í ṣe nǹkan kékeré láti kọ́. Ìkòkò kì í tètè mọ̀ ọ́n, iyọ̀ kì í tètè mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ ìsinmi ló le jù. Ó máa ń wẹ̀, á wọṣọ, á jókòó sórí ibùsùn bí ẹni tó fẹ́ jáde, kò sì síbi tó ń lọ. Nígbà mìíràn á sọ̀rọ̀ sókè, bóyá "ó yẹ kí n ra ọṣẹ," kó ṣáà lè gbọ́ ohùn.

Aṣọ dúdú rẹ̀ àtijọ́ ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí. Ó rò ó lọ́jọ́ kan bóyá kó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kú. Ẹni tí ikú mú èèyàn rẹ̀ lọ, wọ́n ń bá a kẹ́dùn. Ẹni tí ọkọ kọ̀, wọ́n ń bá a bínú. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀, àwọn èèyàn ò mọ èyí tí wọn ó ṣe, nítorí náà wọn ò ṣe ọ̀kankan. Nígbà tí ọmọbìnrin tuntun kan nídìí ìfọṣọ bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ ti lọ́kọ rí?" ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀kan lọ kó tó parí, ọ̀kan parí kó tó bẹ̀rẹ̀." Ọmọbìnrin náà rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Báláú náà bá a rẹ́rìn-ín.

Òpéléngẹ́ lọ́kọ síbi tó ti ń kọ́ni. Ó ní kí Báláú wá síbi ìgbéyàwó, ó lọ, ó jókòó láàárín àwọn àlejò, ó sì bá wọn fọ ife nígbà tó tán.

Ó tó bí ọdún méjì lẹ́yìn tó kó jáde kí agbálẹ̀ kan tó sáré wọ yàrá ìfọṣọ. "Báláú, ọkọ yín wà lókè. Ó já bọ́ láti orí òrùlé ibi tó ti ń ṣiṣẹ́." Nílé ìwòsàn, wọn ò tíì jáwọ́ nínú pípè é ní ọkọ rẹ̀.

Ó gun àtẹ̀gùn, omi ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù jẹ́ tuntun, kò mọ̀ ọ́n. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde níbi iṣẹ́ abẹ ni, mà. Ìbátan nìkan ló lè wọlé. Kí lẹ jẹ́ sí i?"

Ìbéèrè yẹn ò le. Ọmọdé lè dáhùn rẹ̀. Báláú la ẹnu. Ìyàwó rẹ̀ kọ́. Ìyàwó rẹ̀ àtijọ́ kọ́, torí òfin ní kò jẹ́ ẹ rí. Ọ̀rẹ́ ńkọ́? Ta ló ń fi ọdún mẹ́sàn-án sùn ti ọ̀rẹ́? Nọ́ọ̀sì ń dúró, kò kanra, ó kàn ń dúró ni.

"Mò ń bọ̀," ni Báláú wí.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ó mú aṣọ ibùsùn méjì tó funfun jù, ó ká wọn sórí apá, ó tún gòkè. Ó ní, "Alágbàfọ̀ ni mí." Nọ́ọ̀sì náà wo aṣọ, ó wo ojú rẹ̀, ó sún fún un.

Káfíńtà dùbúlẹ̀, wọ́n ti fi nǹkan funfun di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó ti rù, ara rẹ̀ ti dín. Ó lajú.

"Ìwọ ni."

"Èmi ni."

"Wọ́n jẹ́ kó o wọlé?"

"Aṣọ ni wọ́n jẹ́ kó wọlé," ni Báláú wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ibùsùn náà. Ó mọ bí a ṣe ń ṣe é láì gbé aláìsàn dìde: á ká ti àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á tẹ́ tuntun tẹ̀ lé e, á wá rọra yí i. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fara kanra. Nígbà tó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó gbọ́ tí mímí rẹ̀ yí padà.

Bóyá oògùn tí wọ́n fún un ló tú u lẹ́nu. Ó ní, "Mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mò ń wá."

"Èwo?"

"Tí a bá tún un ṣe, ó dà bí ẹni pé a ti gbà fún wọn. Pé ti àkọ́kọ́ kì í ṣe nǹkan kan. Pé òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mi ò fẹ́ fi ọwọ́ ara mi buwọ́ lù ú pé ọdún wọ̀nyẹn ò sí."

Báláú tẹ igun aṣọ náà mọ́ abẹ́ ibùsùn, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. "Ẹ̀yin lẹ wá jẹ́ kí àwọn ọdún yòókù náà má sí," ó ní. Kò fi ìbínú sọ ọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Káfíńtà wí, ó sì pa ojú dé.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó fi wà níbẹ̀, Báláú fúnra rẹ̀ ló ń gbé aṣọ wọ́ọ̀dù náà lọ. Àwọn ìgbà mìíràn, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó sọ fún un pé wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tuntun wá. Káfíńtà sọ fún un pé òun ti ta ayùn ńlá. Wọn ò padà sórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn.

Dókítà ní ẹsẹ̀ náà á san, ṣùgbọ́n kò ní lè gorí àkàbà mọ́. Òpéléngẹ́ àti ọkọ rẹ̀ wá fi ọkọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ tiwọn. Báláú bá wọn kó ẹrù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Òpéléngẹ́ dì mọ́ ọn, ó pè é ní Màámi létí, ó ní, "Ẹ máa wá kí wa o. Yàrá ò pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹ máa wá." Káfíńtà ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Báláú dúró létí fèrèsé, ó fún un láyè díẹ̀, bóyá nǹkan kan wà tó fẹ́ sọ. Òun náà ń wo ẹnu Báláú. Àwọn méjèèjì ni kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n sì ti dàgbà jù láti yí i padà lójú títì. Ọkọ̀ lọ.

Báláú ò tíì fẹ̀yìn tì. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún, wọ́n ti gbé àga kan fún un nídìí ibi tó ti ń ká aṣọ. Lọ́jọ́ ìsinmi, lọ́pọ̀ ìgbà, Òpéléngẹ́ máa ń pè é lórí fóònù. Á kí i, á ròyìn àwọn ọmọ, á wá ní, "Ẹ gba Bàámi," á gbé e sétí bàbá rẹ̀.

Báláú á máa gbọ́ ariwo àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, àti ilẹ̀kùn tó ń pa dé.

"Ṣé ara le?"

"Ara le. Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ sípò. Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

Báláú á dìde, á lọ sídìí fèrèsé, á na ọwọ́ jáde láàárín ilé àti ògiri, á sọ bó ṣe rí fún un.